Audrey Hepburn, Òṣèré tí Kò Gbàgbé Ebi

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ebi ti pa yín rí? Ó dá mi lójú pé ẹ ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti ilé ìwé dé, tí ẹ rí i pé ìyá yín kò tíì sọ oúnjẹ kalẹ̀, ẹ ó máa sọ pé ebi fẹ́ pa yín kú. Ṣùgbọ́n irú ebi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ebi mìíràn wà tí ó ju ìyẹn lọ. Kì í lọ ní ọ̀sán, kì í lọ ní òru, ó sì lè bá odidi ìlú gbé fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí obìnrin kan tí ó mọ irú ebi bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olókìkí, ó di olówó, gbogbo ayé sì ń pọ́n ẹwà rẹ̀ lé. Síbẹ̀, kò gbàgbé ebi tí ó pa á. Orúkọ obìnrin náà ni Audrey Hepburn. Òṣèré inú fíìmù ni.

Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1929 ni wọ́n bí Audrey ní ìlú Brussels, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́líjíọ̀mù. Ìyá rẹ̀, Ella van Heemstra, jẹ́ ọmọ ọlọ́lá láti orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Bàbá ìyá rẹ̀ ti ṣe olórí ìlú Arnhem rí, ó sì ti ṣe gómìnà ní ilẹ̀ Suriname. Bàbá Audrey jẹ́ ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìyá rẹ̀ tó fẹ́ bàbá rẹ̀, ó ti bí ọmọkùnrin méjì fún ọkọ mìíràn. Orúkọ wọn ni Alexander àti Ian. Báyìí ni Audrey ṣe ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì.

Bí ẹ bá wo irú ilé tí wọ́n bí ọmọ yìí sí, ẹ ó rò pé ìyà kò lè jẹ ẹ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ọ̀la? Ní ọdún 1935, nígbà tí Audrey jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, kò sì padà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ náà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó tún rí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó ti di olókìkí ni ó wá a kàn ní ìlú Dublin. Kò bá a jà, kò sì fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ bú u. Ńṣe ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí i títí bàbá náà fi kú.

Nígbà tí Audrey wà ní kékeré, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwé kan ní agbègbè Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ijó bálẹ́ẹ̀tì. Ijó bálẹ́ẹ̀tì jẹ́ ijó àwọn òyìnbó kan tí wọ́n máa ń fi orí ìka ẹsẹ̀ jó. Ó ṣòro láti kọ́. Ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n jó dáadáa gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kí ó sì máa fi ojoojúmọ́ ṣe ìdánrawò. Audrey fẹ́ràn ijó yìí ju ohun gbogbo lọ. Ó pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé iṣẹ́ ijó ni òun yóò ṣe bí òun bá dàgbà.

Ní ọdún 1939, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Jámánì. Ìyá Audrey bẹ̀rù pé àwọn ará Jámánì yóò ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sáré mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú Arnhem ní Nẹ́dálándì, nítorí ó rò pé ogun kò ní dé ibẹ̀. Áà! Ẹni tí ó ń sá fún òjò bọ́ sínú odò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Nẹ́dálándì. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ọdún márùn-ún ni àwọn ará Jámánì fi jókòó ti Nẹ́dálándì. Ní àkókò náà, kò dára kí wọ́n gbọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹni. Nítorí èyí, ìyá Audrey fún un ní orúkọ mìíràn. Edda ni wọ́n ń pè é. Ó gbọ́dọ̀ máa sọ èdè Nẹ́dálándì, kí ó má ṣe sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì níta. Ẹ wo bí ó ti nira tó fún ọmọdé láti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́! Ó rí àwọn Júù, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́, bí wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ti padà. Ní ọdún 1942, àwọn ará Jámánì yìnbọn pa ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Wọ́n kó Ian ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Jámánì láti lọ ṣiṣẹ́ fún wọn ní tipátipá. Alexander sì lọ fi ara pamọ́ kí wọ́n má bàa mú òun náà.

Ṣùgbọ́n Audrey kò fi ijó rẹ̀ sílẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa jó ní ìkọ̀kọ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn. Wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a sì fi aṣọ dí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa hàn síta. Bí ijó bá parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, kí àwọn sójà má bàa gbọ́. Àwọn òǹwòran kàn máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni, wọn a sì dáwó. Owó tí wọ́n bá dá ni wọ́n fi ń ran àwọn tí ó ń bá ará Jámánì jà lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, àti àwọn tí ó sá pamọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Audrey nígbà náà.

Ìgbà òtútù tí ó parí ọdún 1944, tí ó sì wọ inú ọdún 1945, ni ó burú jù lọ. Audrey àti ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà ní ìlú Velp nígbà náà. Oúnjẹ kò wọlé mọ́. Epo kò sí, igi ìdáná kò sí, yìnyín sì bo ilẹ̀. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni ebi àti òtútù pa ní Nẹ́dálándì láàárín oṣù díẹ̀. Òdòdó kan wà tí àwọn ará Nẹ́dálándì fẹ́ràn, tí wọ́n ń pè ní tulip. Ìdí rẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀ rí bí àlùbọ́sà. Ìdí òdòdó yìí ni àwọn ènìyàn ń hú, tí wọ́n ń lọ̀ ní ìyẹ̀fun, tí wọ́n sì ń jẹ. Audrey náà jẹ ẹ́. Àwọn àgbà wa ní òwe kan pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Audrey tí ó fẹ́ràn ijó tó bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti jó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dín kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ibà pọ́njú sì mú un. Ó rù kan egungun.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun tí ó ń bá Jámánì jà dé Velp, wọ́n sì tú àwọn ará ìlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, ní ọjọ́ tí Audrey pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gan-an, ni àwọn ọ̀gá ológun Jámánì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ọmọ ogun wọn tí ó wà ní Nẹ́dálándì túúbá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ, oògùn, aṣọ àti kúbùsù dé. Àjọ Alágbèlébùú Pupa àti àjọ kan tí àwọn orílẹ̀-èdè parapọ̀ dá sílẹ̀ ni ó kó wọn wá. Ẹ rántí èyí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn tí kò mọ Audrey rí, tí wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀, ni ó fi oúnjẹ ránṣẹ́ tí kò fi kú. Ohun tí ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ogun, Audrey àti ìyá rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1948. Owó kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọlọ́lá kò tijú, oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké ni ó ń ṣe kí wọ́n lè jẹun. Audrey wọ ilé ẹ̀kọ́ ijó Marie Rambert, tí ó lókìkí púpọ̀. Ó ṣiṣẹ́ kára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, olùkọ́ rẹ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ga jù, àti pé ebi ìgbà ogun ti ba agbára ara rẹ̀ jẹ́, nítorí náà kò lè di aṣáájú nínú ijó bálẹ́ẹ̀tì. Ẹ fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ yìí yóò ti rí lára rẹ̀! Ohun tí ó ti ń lépa láti kékeré bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Ṣé ó jókòó, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún? Rárá o. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú àwọn eré orí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń gba ipa kéékèèké nínú fíìmù. Ní ọdún 1951, ó lọ ya fíìmù kan ní Monte Carlo. Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ní ilẹ̀ Faransé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Colette, rí i níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ìtàn Gigi tí Colette kọ ṣe eré ní New York, wọ́n sì ń wá ọmọbìnrin tí yóò ṣe Gigi. Bí Colette ti rí Audrey, ó mọ̀ pé òun ti rí ẹni tí ó yẹ. Báyìí ni Audrey ṣe dé Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un fún fíìmù tí ó sọ ọ́ di olókìkí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Roman Holiday. Ìlú Róòmù ni wọ́n ti yà á, ó sì jáde ní ọdún 1953. Nínú fíìmù yìí, Audrey jẹ́ ọmọ ọba tí ó sá jáde kí ó lè gbádùn ara rẹ̀ ní ọjọ́ kan bí ọmọ tálákà. Gregory Peck ni òṣèré ọkùnrin tí ó bá a ṣeré. Orúkọ Peck ti gbilẹ̀ nígbà náà, òun nìkan ni ó sì yẹ kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí bí Audrey ti mọ iṣẹ́ tó, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọbìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ ti òun. Ẹ ò rí i pé ènìyàn rere ni ọkùnrin náà! Ní ọdún 1954, wọ́n fún Audrey ní ẹ̀bùn Oscar, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ fún àwọn òṣèré ní Hollywood. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wo bí Audrey ti ń múra. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ òṣèrébìnrin máa ń wọ aṣọ tí ó ń dán yanranyanran, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ jìngbìnnì àti bàtà gogoro. Ti Audrey yàtọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì tóbi. Ó gé irun rẹ̀ kúrú. Ó fẹ́ràn aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní wàhálà, àti bàtà pẹlẹbẹ bíi ti àwọn oníjó. Aránṣọ kan wà ní Párísì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hubert de Givenchy. Ní ọdún 1953, wọ́n sọ fún un pé òṣèré kan tí ń jẹ́ Hepburn ń bọ̀ wá yan aṣọ. Ó rò pé Katharine Hepburn ni, nítorí òun ni ó lókìkí jù nígbà náà. Ẹnu yà á nígbà tí ó rí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ títí ikú fi yà wọ́n. Givenchy ni ó ṣe aṣọ dúdú tí Audrey wọ̀ nínú fíìmù Breakfast at Tiffany's ní ọdún 1961. Aṣọ náà kò ní ìlẹ̀kẹ̀, kò ní òdòdó, síbẹ̀ gbogbo ayé mọ̀ ọ́n.

Audrey ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù mìíràn. Ó jó pẹ̀lú Fred Astaire, ògbóǹtarìgì oníjó, nínú Funny Face ní ọdún 1957. Nínú The Nun's Story, tí ó jáde ní ọdún 1959, ó ṣe obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà tí ó lọ ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní Kóńgò. Ilẹ̀ Kóńgò gan-an ni wọ́n ti ya apá kan nínú rẹ̀. Nínú My Fair Lady, ní ọdún 1964, ó ṣe ọmọ tálákà tí ń ta òdòdó lójú pópó. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́ orin inú fíìmù náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe fíìmù náà fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò ohùn rẹ̀ nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Audrey ṣe ìgbéyàwó, ó sì bí ọmọkùnrin méjì, Sean ní ọdún 1960 àti Luca ní ọdún 1970. Ìgbéyàwó méjèèjì kò dọ́jọ́ alẹ́. Nítorí pé òun náà mọ bí ó ti ń rí bí òbí kò bá sí nílé, ó dín iṣẹ́ fíìmù kù gan-an lẹ́yìn ọdún 1967 kí ó lè tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Abúlé Tolochenaz, ní orílẹ̀-èdè Swítsálándì, ni ilé rẹ̀ wà. Ó ní ọgbà òdòdó àti ewébẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní àwọn ajá. Ẹni tí ó bá rí i nínú ọgbà rẹ̀ lè má mọ̀ pé gbajúmọ̀ ni.

Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, kí ó máa sinmi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ó di aṣojú fún àjọ UNICEF, tí í ṣe ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Ọdún 1946, lẹ́yìn ogun, ni wọ́n dá àjọ yìí sílẹ̀ láti bọ́ àwọn ọmọ tí ogun ti sọ di aláìní. Orílẹ̀-èdè Etiópíà ni Audrey kọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀dá àti ogun ti mú ìyàn wá síbẹ̀. Ní ìlú Mekele, ó bẹ ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan wò. Ọmọ 500 ni ó wà níbẹ̀ tí ebi ń pa. Ó rọ UNICEF kí wọ́n fi oúnjẹ ránṣẹ́, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó padà, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn aláṣẹ.

Ní ọdún kan náà, ó lọ sí Tọ́kì, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 1989, ó lọ sí Sudan àti Bangladesh. Ní ọdún 1990, ó lọ sí Vietnam, nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi mímọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ó lọ sí Sòmálíà. Ogun abẹ́lé àti ìyàn ti ba ibẹ̀ jẹ́. Ó rí àwọn ọmọ tí wọn kò lè dìde dúró, ó sì rí òkú àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń gbé lọ sin. Kì í gbé aṣọ olówó ńlá wọ̀ nínú ìrìn àjò wọ̀nyí. Aṣọ tí kò le ni ó máa ń wọ̀, a sì máa jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, a máa gbé wọn mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rí i? Ọmọ tí wọ́n fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ní Velp ni ó wá di ìyá àgbà tí ń wá oúnjẹ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó mọ inú rò ni ó ń mọ ọpẹ́ dá.

Nígbà tí ó ti Sòmálíà dé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Àwọn dókítà rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó fẹ́ ṣe ọdún Kérésìmesì ní ilé rẹ̀. Givenchy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, bá a wá ọkọ̀ òfurufú tí ó gbé e lọ sílé. Ó ṣe ọdún náà láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, Audrey Hepburn dágbére fún ayé. Ọmọ ọdún 63 ni. Inú abúlé Tolochenaz ni wọ́n sin ín sí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n tún fi ẹ̀bùn mìíràn dá a lọ́lá ní Hollywood nítorí iṣẹ́ àánú rẹ̀, Sean ọmọ rẹ̀ ni ó sì gbà á.

Ìtàn aṣọ dúdú yẹn kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2006, wọ́n ta ọ̀kan nínú irú aṣọ náà ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó tí wọ́n tà á lé ní 400,000 pọ́n-ùn. Kò sí ẹni tí ó fi owó náà ra aṣọ mìíràn. Àwọn aláìní ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, aṣọ a máa gbó, ẹwà ojú a sì máa ṣá bí òdòdó. Ṣùgbọ́n ìwà ni ẹwà. Bí ẹnì kan bá ràn yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìpọ́njú, ẹ má ṣe gbàgbé. Bí ẹ kò bá lè rí ẹni náà san oore fún, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Bóyá ọmọ kan wà nínú kíláàsì yín tí kò jẹun wá sí ilé ìwé lónìí. Ẹ ti mọ ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀
Ọlọ́lá: ènìyàn pàtàkì tí ó ní iyì láwùjọ.
Túúbá: kí ẹni tí ń jà gbà pé wọ́n ti ṣẹ́gun òun.
Ìyàn: àìsí oúnjẹ ní ìlú.
Ọ̀dá: kí òjò má rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.
Gbàǹjo: ọjà tí ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò rà á.

Ìbéèrè
1. Ìlú wo ni wọ́n ti bí Audrey Hepburn, ní ọdún wo sì ni?
2. Kí ni ìdí tí wọ́n fi pa orúkọ rẹ̀ dà nígbà ogun?
3. Kí ni ìdí tí àwọn òǹwòran kò fi ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá jó?
4. Kí ni àwọn ará Nẹ́dálándì ń fi ìdí òdòdó tulip ṣe ní ìgbà ìyàn?
5. Kí ni ohun tí Gregory Peck ṣe tí ó fi hàn pé ènìyàn rere ni?
6. Dárúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní Áfíríkà tí Audrey lọ fún iṣẹ́ UNICEF.
7. Ní èrò tìrẹ, kí ni ó mú kí Audrey máa ran àwọn ọmọ tí ebi ń pa lọ́wọ́?
8. Kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ẹnì kan tí ó ràn ọ́ lọ́wọ́ rí.